Àga Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Tí Mo Kọ Ránṣẹ́ sí Àna Mi

Kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Àwọn ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ti ń bù mọ́ ọn. Wọ́n ní mo dákú, wọ́n ní ọlọ́pàá dé. Irọ́ ni. N kò dákú, ọlọ́pàá kò sì dé. Gbogbo ìyókù tí wọ́n ń sọ, òótọ́ ni.

Orúkọ mi ni Ọlábọ̀dé Ìbíkúnlé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa lu òǹtẹ̀ sí ìwé tí àwọn ẹlòmíràn kọ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ilé sú mi, èmi náà sì sú àwọn ará ilé. Ní oṣù kẹta, káńsù kan tí n kò ní dárúkọ ń wá ẹni tí yóò jẹ alága ìgbìmọ̀ kékeré kan tí yóò máa gbé ewì lárugẹ. Owó kò sí níbẹ̀, ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi bọ́ síta. Mo bọ́ síta.

Ẹ má bi mí bóyá mo ti kọ ewì rí. N kò kọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n mo lọ jókòó sí yàrá ìkàwé kan ní Yaba fún ọjọ́ mẹ́rin, mo sì rí i kà níbẹ̀ pé àwọn akéwì òde òní kan wà tí wọn kì í kọ nípa ọba, ìfẹ́ tàbí ikú mọ́. Ṣíbí ni wọ́n ń kọ nípa rẹ̀. Ìgò. Ilẹ̀kùn. Bọ́tìnnì. Wọn a kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí ìlà kan, wọn a fi ìyókù ojú ìwé sílẹ̀ lófìfo, wọn a sì lọ sùn. Mo ní irú ewì tí Ọlọ́run dá mi fún gan-an nìyí.

Báyìí ni mo ṣe sọ ìgbìmọ̀ náà ní Ìgbìmọ̀ Ewì Ohun Èlò Ilé. Mo sọ ara mi ní Alága Pátápátá. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ la máa ń pàdé nínú yàrá òkè kan nítòsí Costain, àwa mẹ́fà. Aminullah ni akọ̀wé wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń wá iṣẹ́ sí káńsù, tó sì gbà pé ọwọ́ mi ni iṣẹ́ náà wà. N kò sọ fún un pé kò sí lọ́wọ́ mi. Kí n tó jókòó, òun ló máa ń dìde ka àwọn orúkọ oyè mi: "Alága Pátápátá, ojú tó ń rí inú ṣíbí, ọ̀rẹ́ ìgò, agbẹnusọ fún ohun tí kò lẹ́nu." Ẹ óò bi mí pé ta ló fún mi ní àwọn orúkọ wọ̀nyí. Èmi ni mo kọ wọ́n. Mo tún mú Aminullah kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ní ìgbà àkọ́kọ́ kò mí dáadáa lẹ́yìn "ìgò".

Mo ṣòfin pé a kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́ fún ewì ìgbàlódé, a kò sì gbọdọ̀ sọ pé ó dùn. "Hmm" ni kí gbogbo ìgbìmọ̀ máa wí. Hmm kan fún ewì ọmọ ìgbìmọ̀, hmm mẹ́ta fún tèmi.

Ní ọjọ́ kan mo gbé asẹ́ tí ìyàwó mi fi ń sẹ́ ògì wá, mo gbé e sórí tábìlì, mo ní kí gbogbo wa máa wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Aminullah fi aṣọ nu ojú.

"Alága Pátápátá," ó ní, "láti kékeré ni mo ti ń rí asẹ́. Òní ni mo tó rí asẹ́."

"Kí lo rí?"

"Àwọn ihò rẹ̀, sà."

"Hmm," ni ìgbìmọ̀ wí.

Obìnrin kan wà láàárín wa tó ń jẹ́ Moyọ̀sọ́lá, olùkọ́ lítíréṣọ̀ ní ilé ìwé girama kan ní Yaba. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló mọ ohun tí ewì ń jẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fi í sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí wá ni asẹ́ náà ń sọ?"

N kò mọ̀. Èmi tí mo gbé e wá, n kò mọ̀. Mo dìde, mo tún ìró ohùn mi ṣe, mo ní, "Láti òní lọ, nínú ìgbìmọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bèèrè ìtumọ̀. Ẹni tó bá ń bèèrè ìtumọ̀ ewì, ẹni náà ni kò tíì ní ìtumọ̀." Wọ́n wí hmm mẹ́ta. Aminullah kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, ó sì fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Láìpẹ́ ni káńsù kọ́ yàrá ìkàwé tuntun, wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ wa mú ewì kan tí wọn yóò fi ọ̀dà kọ sára ògiri iwájú. Mo ní kó jẹ́ ìdíje, kó má baà dà bí ojúsàájú. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ sí ewì, kó má sì kọ àkọlé, kí èrò ọkàn wa lè mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo pe àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí kọ̀rọ̀, mo sì fi tó wọn létí pé èyí tó wà nínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ tí òǹtẹ̀ mi wà lẹ́yìn rẹ̀ ló dára jù.

Ewì tí mo kọ rèé. Ẹ fara dà á.

àga
ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta
tí ó ń rántí ẹsẹ̀ kẹrin

garawa kan
ihò kan
omi ti lọ

kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá
tí kò mọ ilẹ̀kùn

dígí
tí ó ti gbàgbé ojú

bàtà ẹsẹ̀ òsì
bàtà ẹsẹ̀ òsì
bàtà ẹsẹ̀ òsì

Oṣù méjì ni mo fi kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ mi dé. Adéfúnmiláyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí èmi àti Mabel bí, ti rí ẹni tó wù ú. Jídé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Bàbá Àkàngbé, káfíńtà kan ní Mushin, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ náà dára, ó kàwé, ó ní ìtìjú. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo gbà á bí ẹni tó ń ta ènìyàn lọ́rẹ. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí Bàbá Àkàngbé, ńṣe ni mo máa ń fi ìka méjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ilé ìyàwó ni yóò kọ ìwé ẹrù, wọn a fi ránṣẹ́ sí ilé ọkọ, ilé ọkọ a sì ra gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ láìjiyàn, nítorí wọ́n wá tọrọ ni. Mabel jókòó ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n kọ ìwé náà, ó ní kí n bá òun gbé e lọ fún Àmínát, ọmọbìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé ní òpópónà wa. Èmi náà ní ewì tí mo fẹ́ tẹ̀. Mo gbé méjèèjì lọ.

"Àmínát," mo ní, "ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ mi wá lónìí, yọ àkọlé rẹ̀. Yọ nọ́ńbà. Ọ̀rọ̀ nìkan ni mo fẹ́."

"Àti ti Mọ́mì náà, Dádì?"

"Àṣẹ kì í ní ẹnu ọ̀nà méjì," ni mo dá a lóhùn. Títí di òní n kò mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí.

Nígbà tí mo délé, mo ká ìwé méjèèjì, mo fi wọ́n sínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ méjì, mo lẹ̀ wọ́n pa, mo lu òǹtẹ̀ mi sí ẹ̀yìn méjèèjì nítorí pé mo fẹ́ràn ìró òǹtẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó wá ń kọ àdírẹ́sì. Gbogbo ọkàn mi wà lórí ọ̀rọ̀ tí n óò sọ ní ọjọ́ ìṣíṣọ lójú ògiri. Mabel yọjú láti ilé ìdáná.

"Dádì Fúnmi, ṣé ẹ ti yẹ ìwé yẹn wò?"

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

N kò yẹ nǹkan kan wò.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ fẹ́ yan ewì, mo yẹra, kí wọ́n lè sọ pé mo ṣe òdodo. Moyọ̀sọ́lá ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ tán. Ó ní Aminullah ṣí àpòòwé náà, ó gbé ohùn sókè, ó kà á: "Iṣu méjìlélógójì. Orógbó méjìlélógójì. Obì méjìlélógójì. Ataare méjìlélógójì. Oyin ìgò méjì. Iyọ̀ àpò kan. Ẹja gbígbẹ méjì. Agboòrùn kan. Bíbélì kan. Àpótí aṣọ kan."

Kò sí ọmọ Yorùbá kan nínú yàrá náà tí kò mọ ohun tó ń gbọ́. Aminullah fúnra rẹ̀ ti fi oṣù mẹ́fà kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jọ nígbà tí ó ń gbéyàwó.

"Ó jọ ẹrù ìyàwó," ni Moyọ̀sọ́lá wí.

Aminullah yí àpòòwé padà, ó fi òǹtẹ̀ hàn án. "Àǹtí Moyọ̀, ìtumọ̀ lẹ ń bèèrè yẹn?"

"Rárá o. Mo kàn ní ó jọ ọ́ ni."

"Hmm," ni àwọn yòókù wí, nítorí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn kò lóye. Ẹnì kan ní méjìlélógójì tó ń padà wá yẹn, ìró ọkàn ọmọ Èkó ni. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n wo bí agboòrùn ṣe dá dúró lẹ́yìn ẹja gbígbẹ, pé ìdánìkanwà gbáà ni. Aminullah ní òun kò tíì rí akéwì tó ní ìgboyà láti fi àpò iyọ̀ nìkan ṣe ìlà kan. Wọ́n fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ fún mi nílé pé ewì náà pa àwọn lẹ́kún. Orí mi wú.

Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n máa ṣí i, mo wọ agbádá. Àwọn àgbààgbà káńsù wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé wà níbẹ̀. Mabel kò lè wá, ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n fa aṣọ funfun kúrò lára ògiri, mo sì gbójú sókè láti wo àga mi.

Iṣu méjìlélógójì ni mo rí.

Mo kà á dé orí ataare kí ó tó yé mi. Ó yé mi gidi, ẹ̀yin tó ń kà á. N kò lè wí pé kò yé mi. Mo mọ̀ ní ibi tí mo dúró sí pé ìwé ìyàwó mi ló wà lójú ògiri, pé ewì mi sì ti wà ní Mushin láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí wọn yóò ra ohunkóhun tí wọ́n bá rí nínú rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ. Àwọn èèyàn yóò rẹ́rìn-ín, èmi náà yóò bá wọn rẹ́rìn-ín, a ó sì lọ sílé.

Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni mo wí, "ẹ wo iṣu. Ta ló ti wo iṣu rí? A ti gún un, a ti jẹ ẹ́, a kò wò ó. Èmi wò ó. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejìlélógójì." Mo fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀ lórí ìrora ẹja gbígbẹ. Ọ̀gá kan ní káńsù ṣèlérí pé wọn yóò tẹ ewì náà sí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìyá arúgbó kan béèrè lẹ́yìn pé ìgbéyàwó ta ni, Aminullah sì lọ bá a, ó ní kó má bínú, pé wọn kì í béèrè.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àwòrán ògiri náà ti dé orí fóònù Mabel. Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́. Mo yọ àwòrán náà kúrò.

Ní ọjọ́ kejì mo gba Mushin lọ láti fi ọgbọ́n gba àpòòwé mi padà. Mo bá Bàbá Àkàngbé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ju mí lọ ní ọdún mélòó kan, síbẹ̀ bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ìyẹ̀fun pákó, nítorí pé ọmọ mi ni ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́.

"Àna wa, Ọlọ́run ló gbé yín wá," ó ní. "Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn, ojú sì ń tì mí láti pè yín." Ó mú mi dé ìdí àga kan tó fi aṣọ bò. Ó ṣí i. "Ẹsẹ̀ kẹrin tí àga yìí ń rántí, ṣé ti iwájú ni, àbí ti ẹ̀yìn?"

Igi ìrókò ni àga náà. N kò rí àga tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé mi. Ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró ṣinṣin, ó sì ti ṣe wọ́n tó fi jẹ́ pé àga náà kò lè ṣubú. Níbi tí ẹsẹ̀ kẹrin ìbá wà, ó ti gbẹ́ ojú ihò kan sílẹ̀, ó ti ha á dán, kò sì fi nǹkan kan sí i.

"Kí ó lè ní ohun tí yóò fi máa rántí ni," ó ní.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Oṣù méjì ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ yẹn, n kò mọ̀ pé ó ní ohun kankan nínú, àfi nígbà tí mo rí ihò tí káfíńtà gbẹ́.

"Ti ẹ̀yìn ni," mo ní. "Apá òsì."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀yìn ló máa ń dun àga jù."

Ó ní kí n jókòó, ó sì sọ fún mi bí nǹkan ṣe rí. Ẹbí wọn ti jókòó lórí ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní àwọn ará Surulere ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, pé arọ ni wọ́n ń pe àwọn, pé garawa tó lu ni wọ́n ń pe àwọn, kí wọ́n fà sẹ́yìn kí ojú má tì wọ́n jù báyìí lọ.

"Mo ní rárá," ni Bàbá Àkàngbé wí. "Ilé àwọn tó kàwé ni ilé yín. Bóyá báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Jídé fẹ́ràn ọmọ yín. Bí wọ́n bá ní kí n wá kọ́kọ́rọ́ tí kò mọ ilẹ̀kùn, n óò wá a. Ó ku méjì kó pé mọ́kànlá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo mú kí Jídé búra pé Fúnmi kò ní gbọ́. Ọmọ dáadáa ni. Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni bàbá rẹ̀ fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, kò yẹ kó jẹ́ ẹnu wa ni yóò ti gbọ́ ọ."

Mo la ẹnu. Mo rántí ògiri, mo rántí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀, mo rántí "ọ̀rẹ́ ìgò".

"Ẹ kú iṣẹ́," ni mo wí, mo sì wá ọ̀nà ilé.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù sí ọjọ́ ìgbéyàwó. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan mo máa ń jí, mo máa ń sọ pé òní ni n óò sọ fún Mabel, n óò sì jẹun òwúrọ̀, n óò ní ọ̀la. Fúnmi ń kọrin káàkiri ilé. Ó béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan pé ṣé ara mi yá. Mo ní ewì tuntun ló ń ṣe mí.

Ọjọ́ Sátidé dé. Mabel, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, kò fẹ́ ariwo, inú pálọ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ ti wáyé, bí ogójì ènìyàn. Aminullah wá, ó jókòó sí iwájú. Àwọn ará Mushin wọlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n to ẹrù wọn sí àárín ilé pẹ̀lú aṣọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mabel ń wo ẹrù náà, mo rí i pé ó ń wá ibi tí iṣu wà. Àǹtí Abigail, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó dúró fún ilé wa, gba ìwé lọ́wọ́ wọn, ó fi awò ojú sójú.

"Àga," ló kà. Ó dúró. "Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta."

Wọ́n ṣí aṣọ. Àga jáde.

"Garawa kan. Ihò kan." Ó wo Mabel. Garawa jáde, ihò wà nídìí rẹ̀, wọ́n fi nǹkan ha etí ihò náà kó má baà gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá jáde lórí àwo. Dígí jáde tí wọ́n ti ha ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò fi lè fi ojú ẹnikẹ́ni hàn mọ́. Bàtà mẹ́ta jáde, òsì, òsì, òsì. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ẹsẹ̀ ọ̀tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní Mushin títí di òní.

Àǹtí Abigail ká ìwé náà. "Ẹ̀yin àna wa, a kò bá yín ṣe àwàdà. Ta ló ní kí ẹ kó àjákù bàtà wá fún ọmọ wa?"

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Àkàngbé dìde. "Ìwé yín nìyẹn, Màmá. Òǹtẹ̀ yín wà lẹ́yìn àpòòwé rẹ̀. Ẹ fi wá ṣeré tán, ẹ tún fẹ́ bú wa." Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Ẹ kó o. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n dìde lóòótọ́. Jídé nìkan ni kò dìde. Fúnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ìbòjú wà lórí rẹ̀, n kò rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó di ara wọn mú.

Mo dìde. Mo tún ìró ohùn ṣe, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Aminullah rò pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ńlá, ó ti wí hmm àkọ́kọ́.

"Ewì mi ni," ni mo wí.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Mo tún un wí. Mo ní ewì tí mo kọ ni, mo fi í sínú àpòòwé tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo ní ìwé ẹrù tí Mabel kọ wà lára ògiri káńsù, pé èmi ni mo dúró níwájú rẹ̀ tí mo sọ pé mo kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Àkàngbé wò mí títí. "Kí wá ni ewì náà túmọ̀ sí?"

"Kò túmọ̀ sí nǹkan kan, sà," ni mo wí. "Mo kàn kọ ọ́ ni."

Ohùn Mabel ni mo wá gbọ́, kò sì gbé e sókè. "Dádì Fúnmi, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Mo lè purọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe nígbà náà.

"Láti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá," mo ní. "Mo dé ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo rí àga náà. N kò sọ̀rọ̀."

Mabel jókòó. Ojú tì mí dé egungun, kì í ṣe nítorí àwọn ogójì ènìyàn, nítorí ìjókòó yẹn ni.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti ipò náà kúrò lọ́nà, nítorí òun lẹ wá gbọ́. Kí oúnjẹ tó jinná, Aminullah ti pe káńsù. Ní ọjọ́ Ajé wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ògiri. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta wọ́n kọ lẹ́tà sí mi, wọ́n ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ takuntakun. Moyọ̀sọ́lá ni alága báyìí, wọ́n ti ń bèèrè ìtumọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi pé ìpàdé ti ń pẹ́ jù. Ó tán. Ẹ jẹ́ ká padà sí pálọ̀.

Bàbá Àkàngbé ń wo àga rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀ tí wọ́n ti kó garawa àti dígí dání.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Kì í ṣe bàbá rẹ̀ la wá fẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé. Mo bá wọn rín díẹ̀. Àǹtí Abigail ní obì, orógbó àti ataare wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n fi ìyẹn ṣe é, iṣu lè tẹ̀lé e lẹ́yìn. Wọ́n mú Fúnmi jáde. Ó kúnlẹ̀ fún àwọn òbí ọkọ rẹ̀, wọ́n súre fún un, Bàbá Àkàngbé fi ọwọ́ tó le gbagidi lé e lórí, ó pẹ́ kí ó tó gbé e kúrò.

Ó wá ku èmi. Bàbá ìyàwó ló ń ṣàdúrà kẹ́yìn, bí àṣà ti wí. Fúnmi wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ká ìbòjú kúrò lójú, ó sì wò mí. Kò sunkún. Ìbá sàn kó sunkún.

Mo ti kọ àdúrà náà sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá, ojú ìwé mẹ́rin. Ó wà nínú àpò agbádá mi. Mo fi ọwọ́ kàn án, mo sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé ọmọ mi lórí, mo wá ọ̀rọ̀ ńlá, kò sí èyí tó wá.

"Fúnmi," mo ní, "jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Àwọn èèyàn ń dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù.

"Àmín," ni ọmọ mi wí.